Ìlà Kẹrin Lára Òkúta Ìlú

1.

...torí òkúta kì í ṣe ìwé ọmọ iléèwé. Tọ́wọ́ bá yẹ̀, o ò lè fi rọ́bà pa á rẹ́. Ohun tí mo sọ fún Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú nìyẹn. Mo ní ọwọ́ mi ló yẹ̀.

Irọ́ ni. Ọwọ́ mi ò yẹ̀.

2.

ÌWÉ IṢẸ́
Sí agbẹ́kùúta. Fún àyájọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú wa. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀.

1. Rélùwéè wọ ìlú.
2. Iná mànàmáná dé.
3. Omíyalé. Ìlú tún dìde.
4. A ṣí afárá ńlá. Kò sẹ́ni tó farapa.
5. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀.

3.

Kò sẹ́ni tó farapa. Ẹ gbọ́ o. Bàbá mi wá ń kọ́?

4.

LẸ́TÀ (láti ilé-iṣẹ́ tó kọ́ afárá sí ìyá mi, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà)
Ọkọ yín fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A ò mọ ibi tó gbà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pe ìyá mi ní Ọkọ-kọ̀-ọ́. Ọdún méjìdínlógójì. Wọ́n á pè é bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á tún ní eré làwọn ń ṣe.

5.

OHÙN TÍ MO GBÀ SÍLẸ̀
(Bàbá Kéréènì ló wa ẹ̀rọ agbẹ́rù níbi iṣẹ́ afárá.)

BÀBÁ KÉRÉÈNÌ: Òpó kẹta ni. À ń da kọ́ńkéré lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ yọ̀.
ÈMI: Ẹ ò dáṣẹ́ dúró?
BÀBÁ KÉRÉÈNÌ: Ọ̀gá ní ọjọ́ tá a máa ṣí i ò gbọdọ̀ yẹ̀.
ÈMI: Ẹ sì dákẹ́.
BÀBÁ KÉRÉÈNÌ: Ọmọ márùn-ún ló wà lọ́rùn mi nígbà yẹn.

6.

Mo fẹ́ bú u. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo wá ń bínú sí ara mi.

7.

OHUN TÍ MO GBẸ́
A ṢÍ AFÁRÁ ŃLÁ. ẸNÌKAN KÚ SÍNÚ ÒPÓ KẸTA.

8.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́

AKỌ̀WÉ: Kí lẹ gbẹ́ sí ìlà kẹrin?
ÈMI: Ọwọ́ mi ló yẹ̀, mà.
AKỌ̀WÉ: Ọwọ́ á yẹ̀, á wá kọ odindi gbólóhùn? Mò ń bọ̀ lọ́la, aago mẹ́wàá. Èmi àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá òkúta.

9.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo lọ sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi.

Aṣọ ló ń ká. Ó ń ká a lọ.

Mo tún un sọ, bóyá kò gbọ́. Ó ti gbọ́.

10.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi dé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò mọ̀wé. Mo mú ìka ẹ̀, mo fi í tọ ìlà kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mò ń kà á fún un.

"Orúkọ ẹ̀ dà?"

Mo ní mi ò kọ ọ́. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọ ogójì ọdún, mò ń wolẹ̀.

"Ẹnìkan. Ṣé ẹnìkan ló fẹ́ mi?"

11.

Àyè tó ṣẹ́ kù lábẹ́ ìlà kẹrin ò ju ìbú ìka méjì lọ. Ó máa gba orúkọ bàbá mi.

12.

Aago mẹ́wàá. Mọ́tò Akọ̀wé dúró níta, wọ́n ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó, ó fi dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Ó ní kí n má wẹ̀yìn.

Mo ti gbẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Ó ku márùn-ún.