Ọwọ́ Ọ̀tún Mutolib

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí kì í ba nǹkan jẹ́, ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni mo sọ níwájú èèyàn mẹ́ta lóṣù kìíní ọdún yìí, òun ló sì dí mi lẹ́nu títí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ fi bàjẹ́ lójú mi.

Sàká lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòsí ní eré ìdárayá, besibọ́ọ̀lù ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Kétu kì í kà á kún eré gidi. Wọ́n á dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n á wo ẹnìkan tó ń ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹnìkejì tó fẹ́ fi igi gbá a, àti ẹnìkẹta tó lóṣòó sẹ́yìn láti hán an, wọ́n á wá bi mí pé, "Ọ̀gá, góòlù dà?" Mo kọ́kọ́ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Mile 12 ni mo ti rí Mutolib. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà, ó ń já iṣu lórí tírélà. Òun ló dúró sókè, ẹni tó ń gbà á wà nílẹ̀, iṣu kan ṣoṣo kò sì jábọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wò ó. Àyà ẹni tó wà nílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Mo gbàgbé ohun tí mo wá rà lọ́jà.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nínú eré yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kọ́kọ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ìyára rẹ̀ á bá ọ níwájú. Bí mo ṣe kọ́ Mutolib fún ọdún méjì nìyẹn. Mo so agolo mílíìkì kọ́ sára igi, ó sì ń bà á lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yára púpọ̀, àmọ́ bó bá ní orókún lòun ń jù ú sí, orókún náà ni.

Lẹ́yìn náà ni Coach Olúwatósìn dé láti òkè òkun, tó kó àwọn eléré jọ sí pápá kan ní Anthony. Ó ní ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó. Ó sọ fún mi pé àwọn àlejò ń bọ̀ ní oṣù kẹfà wá mú ẹni méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, pé àwọn ọmọ náà ò ní san kọ́bọ̀.

Ó ní, "Daddy, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó ni wọ́n ń wò. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, wọ́n lè tún ìyẹn ṣe tó bá débẹ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò bá tó ninety máìlì ní wákàtí kan lórí ẹ̀rọ yìí, wọn ò ní béèrè orúkọ ẹ̀."

Kò parọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ni mo bá mú Mutolib àti ìyá rẹ̀, Hùmúàní tó ń ta àlùbọ́sà, lọ sí Anthony. Mo fa ọmọ náà lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe fa èmi náà lé káfíńtà lọ́wọ́ ní Ìsẹ́yìn nígbà èwe mi. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fa ọmọ iṣẹ́ léni lọ́wọ́ lábọ̀. Mo ní kí ó dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Mutolib, ọ̀gá rẹ nìyí. Bó bá ní kí o jókòó, jókòó. Bó bá ní kí o fò, fò. Bí èmi Sàká fúnra mi bá wá lọ́la, tí mo ní kí o ṣe ohun mìíràn, má dá mi lóhùn." Inú gbogbo wa dùn. Hùmúàní ṣàdúrà fún mi. Àṣé ẹnu ara mi ni mo ń rán.

Ní oṣù kẹrin, mo lọ wò wọ́n. Bọ́ọ̀lù tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n kó fún Mutolib, ó ń sáré wá, ó ń fi gbogbo agbára là á mọ́ ògiri. Coach ń wí pé, "Má wo ibi tó ń lọ. Jù ú ni." Nígbà tí wọ́n padà sí bọ́ọ̀lù gidi, Rahmon tó ń hán an ń fò sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń lé adìyẹ. Ẹ̀rọ ka mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Mo na omi inú ọ̀rá kan sí Mutolib. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọmọ yìí, kò fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà rí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Uncle," ó sì yíjú kúrò. Mo wo ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀, ó ti wú.

Mo bá Coach sọ ọ́. Ó gbé àga fún mi kó tó dáhùn. "Daddy, it's normal. Ara ẹ̀ ń bá a mu díẹ̀díẹ̀ ni. Mò ń mójú tó o." Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó gbé àga fúnni jà? Mo jókòó, mo dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ní Mile 12. Kí n tó kí i tán, ó ti ń sọ fún mi pé, "Uncle Sàká, eighty-eight ni lánàá o." Gbogbo àwọn oníṣòwò tó yí i ká ló mọ nọ́ńbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè rẹ̀. Ṣé mo lè bá wọn wí? Kò sí nọ́ńbà fún ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, kò sì sí fún ìgúnpá tó wú.

Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Hùmúàní fi àlùbọ́sà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní tẹ́ ẹ bá wá sọ nǹkan míì, ká má dá yín lóhùn. Àbí ẹ ti ń jowú ọ̀gá ẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Nítorí pé mo ń jowú díẹ̀ lóòótọ́. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, n kò lè sọ mọ́ bóyá ìgúnpá ọmọ náà ni mo rò, tàbí agolo mílíìkì mi. Mo pinnu pé n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹfà ni àwọn àlejò dé, ní pápá kan ní Gbàgádà. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n gbé ẹ̀rọ tiwọn sẹ́yìn àwọ̀n. Nígbà tó ku ẹnìkan kó kan Mutolib, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

Ó ní, "Uncle, ọwọ́ mi ń ta títí dé ìka. Tí mo bá jù ú bí ẹ ṣe kọ́ mi, kì í dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Coach wà níbi tó lè gbọ́ wa. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo mọ èsì ìbéèrè náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, tí àwọn àlejò kò béèrè orúkọ rẹ̀, èmi ni mo dí ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á ní owú ni. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ní, "Ohun tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o ṣe ni kí o ṣe."

Ó ní, "Ó dáa, sir."

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba orí Rahmon kọjá. Ìkejì lu ilẹ̀. Ní ìkeje, ẹ̀rọ ka mọ́kànléláàdọ́rùn-ún, Coach na ọwọ́ méjèèjì sókè, Hùmúàní dìde, ó ń jó. Àwọn àlejò dorí kodò, wọ́n ń kọ̀wé. Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè ni wọ́n rí i pé Mutolib ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún mú. Wọ́n dúró fún un díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fagi lé ohun tó kọ. Wọ́n pe orúkọ ẹni tó kàn.

Coach ló wà wá lọ sí ilé ìwòsàn. Hùmúàní wà níwájú, ó ń ṣàdúrà láìsinmi. Èmi àti Mutolib wà lẹ́yìn. Ó rọra bi mí pé, "Uncle, ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè rí báyìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti oṣù kẹrin.

Kò bínú, ì bá sàn kó bínú.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni. Mo ń sọ fún ara mi pé, tó bá burú, Uncle á sọ̀rọ̀."