Nígbà Tí Ohùn Ń Yọ́ Mọ́ra Wọn

Ní ọdún tí Moṣọpẹ́ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ mọ́ra wọn létí rẹ̀, bí òrí tí oòrùn pa. Kò di adití. Bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ nínú ilé tó pa rọ́rọ́, ó máa gbọ́ ọ. Àmọ́ kí ènìyàn méjì ṣáà ti máa sọ̀rọ̀ pọ̀, kí omi máa hó lórí iná, kí ọkọ̀ ojú omi sì fọn fèrè lórí odò Thames nísàlẹ̀ fèrèsé, gbogbo rẹ̀ á di ẹyọ kan, á máa ṣàn kọjá bí ẹni pé abẹ́ omi ló jókòó sí.

Òun àti Tiwaladé, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń gbé ní àjà kẹta ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun Barking Riverside ní London. Tiwaladé ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù-sí kan ní Dagenham Dock. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, á jókòó ti ìyá rẹ̀, á máa ròyìn. Ìyá á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í wọlé.

Ká sọ òótọ́, nǹkan náà kò korò lẹ́nu Moṣọpẹ́. Ọdún méjì ṣáájú ni Olúkáyọ̀dé ọkọ rẹ̀ kú. Nínú àdàlù ohùn yẹn, ó máa ń gbọ́ bí Olúkáyọ̀dé ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó la ẹnu. Moṣọpẹ́ á dijú, á dúró de ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í dé, ṣùgbọ́n ìdúró yẹn fúnra rẹ̀ dà bíi kéèyàn fara ti ẹni ẹni.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ di ti gbangba. Òkè ilé ìtajà kan ni ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ wà, ó sì ti lé lógún ọdún tí Moṣọpẹ́ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Lọ́jọ́ náà, Olúyọmí tó máa ń dá orin gbé ohùn sókè, dùùrù gbè é, àwọn ọmọdé ń sáré lẹ́yìn, ẹnì kan ń gbàdúrà kíkankíkan. Moṣọpẹ́ kò rí ohùn Olúyọmí mú. Ó ń wá a bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ẹja nínú omi rírú. Ibi tó rò pé òun ti bá a, ó tẹ̀ lé e, ó dijú, ó ń kọ lọ. Nígbà tó lajú, òun nìkan ló ń kọrin. Gbogbo aṣọ funfun ti kọjú sí i, jẹ́ẹ́.

"Mọ́mì," ni Tiwaladé wí nínú bọ́ọ̀sì bí wọ́n ti ń padà sílé, "ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ti parí orin ni?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Òun gan-an ni wàhálà."

Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kékeré kan, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti ń gbọ́ ìró fínrín-fínrín. Ó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìràwọ̀ tó ń yọ. Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní etí rẹ̀ dára fún ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣa ohùn kan kúrò lára òmíràn ló jọ pé ó mẹ́hẹ. Bí Tiwaladé ṣe gbọ́ "ọpọlọ", ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti rí ohun tí àrùn ìgbàgbé ṣe fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Marks Gate. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Moṣọpẹ́ kọ́kọ́ lọ rí apòògùn, kó sì kó gbogbo oògùn tó ń lò dání.

Amatullah ni orúkọ apòògùn náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Peckham. Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tó ń lọ. Ó to àwọn oògùn sórí tábìlì: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti orúnkún, àti èyí tí dókítà fún Moṣọpẹ́ kí ìtọ̀ má baà máa gbé e dìde láàárín ìsìn.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí, mà? Kò sí èyí tẹ́ ẹ fúnra yín rà?"

Moṣọpẹ́ fọwọ́ bo báàgì rẹ̀. Oògùn oorun kan wà nísàlẹ̀ báàgì náà, èyí tí arábìnrin kan júwe fún un lẹ́yìn ìsìnkú, tí wọ́n ń tà láìgba ìwé dókítà. Kò sí ọjọ́ tí kì í lò ó. Kò mọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi wúwo. Tàbí ó mọ̀. Ó ń ṣe é bíi pé bí oògùn náà bá jáde, ẹnì kan máa bá a jáde. Ó wo Tiwaladé tó ń jẹ èékánná rẹ̀ bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá. Ó mú oògùn náà jáde.

Amatullah ka ohun tó wà lára páálí oògùn náà, ó mí kanlẹ̀.

"Mà, nǹkan kan wà nínú ọpọlọ wa tí wọ́n ń pè ní asẹtaikólíìnì. Iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ ohùn, òun ló máa ń sọ fún ọpọlọ pé, èyí ni kó o gbọ́, jẹ́ kí tọ̀hún máa lọ. Ọpọlọ á wá gbé ohùn tẹ́ ẹ fẹ́ sókè, á tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Oògùn oorun yìí àti ti ìtọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ló ń dúró sí ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọlé."

"Ohun tó ń mú gbogbo nǹkan yọ́ nìyẹn?"

"Mi ò lè búra. Ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ nǹkan míì. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ ná."

Moṣọpẹ́ kọjú sí apòògùn náà. "Ọmọ mi," ó wí, "nínú yíyọ́ yẹn, mo máa ń gbúròó ọkọ mi."

Tiwaladé yọ ọwọ́ lẹ́nu. Amatullah kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá tèmi náà ti lọ," ó wí. "Tó bá jẹ́ èmi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu, mà."

Ó pinnu. Dókítà pààrọ̀ ti ìtọ̀. Ti oorun, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní kó máa dín in kù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Oorun sá lójú rẹ̀, ó ń bínú sí ọmọ, ó ń bínú sí tíì. Ìwúkọ́ Olúkáyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí jìnnà. Lọ́jọ́ kan ó dà bíi pé òdìkejì odò ló ti ń wá. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Moṣọpẹ́ sunkún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sun ún ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí lọ́jọ́ ìsìnkú, àlejò ti pọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án kan tí ìkùukùu bo gbogbo ìta. Òjò ń ta sára irin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn òjò, lọ́tọ̀, ó gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ ibùdó. Ó gbọ́ ọmọ aládùúgbò tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, bí ènìyàn tó ń tinú ìkùukùu bọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ Tiwaladé ní kíṣìnnì, tó ń bá Eden ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Mo ti sọ fún Mọ́mì. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Eden, ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mò ń gbé ilé yìí."

Moṣọpẹ́ gbọ́ ibi tí ohùn ọmọ náà ti ya. Gbogbo ìgbà yẹn! Òun ń dúró kí òkú sọ̀rọ̀, alààyè sì ń sọ ọ́ sí òun létí.

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Tiwa, kí lo sọ fún mi tí mo kàn ń rẹ́rìn-ín?"

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ Tiwaladé. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ mi láti pálọ̀?"

"Ketekete."

"Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́, láti oṣù kẹta. Ẹnì kan sì wà. Jésùfẹ́mi ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún yín."

Ìyá rẹ̀ fa àga kan, ó jókòó.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin," ó wí. "Má kánjú. Orí Jésùfẹ́mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."