Omi Ọ̀sán Gangan Nínú Yàrá Ìsàlẹ̀

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ tí ọkọ Fẹ̀yìntọlá kọ́lé sí ní Erunmu kó tó kú, ìdajì yàrá ìsàlẹ̀ sì wọnú ilẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù onígíláàsì ló fi ṣe fèrèsé ibẹ̀, ó wá fi ihò afẹ́fẹ́ oníke kan sáàárín wọn. Téèyàn bá wà nínú yàrá, yóò gbójú sókè kó tó rí fèrèsé náà. Lóde, kò ga ju ojúgun lọ. Ibẹ̀ ni Fẹ̀yìntọlá ń kó irúgbìn àgbàdo sí látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí ihò náà sán, tí òjò ń gbabẹ̀ wọlé, ó pe Mùnírù bíríkìlà láti Lalupon. Mùnírù wọ́ òkúta pẹlẹbẹ kan tó rí nítòsí wá síwájú fèrèsé, ó jókòó lé e, ó rọra gbẹ́ ti àtijọ́ yọ, ó fi tuntun sí i, èyí tí ìbòrí rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù yí i ká.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ńlá rọ̀. Fẹ̀yìntọlá sáré sọ̀kalẹ̀: ilẹ̀ gbẹ táútáú. Àmọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nínú oòrùn ọ̀sán, ó bá omi lábẹ́ fèrèsé. Ó nù ún. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, omi tún ti dé. Ó pe bíríkìlà náà lórí fóònù.

"Mùnírù, irú iṣẹ́ wo lo ṣe yìí? Òjò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Oòrùn ràn, ilẹ̀ tutù!"

Mùnírù wá, ó fọwọ́ pa gọ́ọ̀mù káàkiri. "Mọ́mì, wálláhì, kò síbi tó ń jò níbí."

Orí obìnrin náà dàrú. Àbí òun fúnra òun ló ń da omi síbẹ̀ tóun ń gbàgbé? Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó gbé àpótí sábẹ́ fèrèsé, ó jókòó tì í. Kò pẹ́, òjìji kan bo gíláàsì, omi sì ń ta pàrà wọlé.

Ó sáré jáde. Àlàájà Mùjíbátù, arúgbó ilé kejì, ló bá lórí òkúta pẹlẹbẹ, tó ń fi bútà ṣan ẹsẹ̀.

"Àlàájà, ibí lẹ ti ń ṣe àlùwàlá?"

"Ibi tí òkúta mi bá wà ni. Bíríkìlà rẹ ló gbé e wá síbí. Mo rò pé ìwọ lo ní kó gbé e síbòji fún mi, mo sì ti ṣàdúà fún ọ."

Fẹ̀yìntọlá bẹ̀rẹ̀ wò ó: omi ń ta láti orí òkúta sókè wọ abẹ́ ìbòrí ihò náà, ibi tí òjò kò lè dé. Ó yí òkúta náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì, níbi tí ibòji wà, Àlàájà ń júwe fún un. Omi ò wọlé mọ́. Ó wá pe Mùnírù, ó tọrọ àforíjì, ó ròyìn gbogbo rẹ̀.



"Mọ́mì," Mùnírù ní, "òkúta wo?"