Ilé Iṣẹ́ Bàtà Ẹ̀yìn Rélùwéè

Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn olówó láti òkè òkun ń bọ̀ wá kọ́ ilé iṣẹ́ bàtà sí ẹ̀yìn rélùwéè, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó aránbàtà. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì. Bàtà ọmọ iléèwé ló ń ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

“Òjò ire ni,” ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Tó bá rọ̀ sóko olówó, yóò ta sí tiwa náà.”

Ìyàwó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́ o, Bàbá wọn. Ẹni eji bá rí leji ń pa.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jọ pé ọkọ ló gbọ́n. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó fọwọ́ pa awọ wò, ó ní kí wọ́n máa bá òun ṣe gìgísẹ̀ bàtà. Iṣẹ́ ya dé, wọn ò ráyè mí. Nígbà tí ọ̀gá iléèwé, oníbàárà wọn àkọ́kọ́, yọjú, ẹnu ọ̀nà ni aránbàtà ti dá a lóhùn: “Ẹ má bínú, ọwọ́ wa dí.”

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń ṣe gìgísẹ̀ fi gúnlẹ̀ láti òkè òkun. Iṣẹ́ dá wáí. Àbúrò ìyàwó wá kúnlẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ foríjì mí. Wọ́n ti pè mí síṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà lọ́hùn-ún. Owó oṣù wọn kì í pẹ́, ìyàwó mi sì ti lóyún.”

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Aránbàtà ṣàdúrà fún un.

Ọ̀gá iléèwé ò padà wá mọ́. Bàtà ilé iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ọmọ. “Páálí ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀,” ni aránbàtà ń wí kiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ra ọ̀kan, ó gbé e lé tábìlì, ó fi ọ̀bẹ là á. Awọ gidi ló bá. Níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ bàtà, wọ́n rán an ní ìlọ́po méjì. Òun ló kọ́ àna rẹ̀ níyẹn. Àna rẹ̀ ló sì lọ kọ́ wọn.

Ìyàwó wọlé. “Páálí ni, àbí?”

Ó fi àkísà bo bàtà náà. “Páálí ni.”

Obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ìgboro títí ó fi détí àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà wá, kò jókòó.

“Àǹtí, èmi ni mò ń yẹ bàtà yẹn wò kó tó jáde. Ṣé páálí ni mò ń wọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ọkọ mi kì í purọ́.”

Aránbàtà wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jáde.

Wọ́n ti ta ẹ̀rọ ìránbàtà báyìí. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu aládùúgbò ni wọ́n ti gbọ́ pé ìyàwó àbúrò ti bímọ. Tí obìnrin náà bá ń sunkún àbúrò rẹ̀ tí kò yà sọ́dọ̀ wọn mọ́, ọkọ a ní kó ṣe sùúrù, a sì kọjú sí ògiri.