Kọ̀ǹpútà Abẹ́ Agbòòrùn

Ìborí aláwọ̀ ewé ni Fàrídà fi di kọ̀ǹpútà náà. Ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mìjàn láti Sakété wá sí Pobè. Òjò òwúrọ̀ ti rọ̀. Nígbà tó fi máa sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Flore, ẹrẹ̀ pupa ti ta dé orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò kan ohun tó gbé dání.

Flore ń tẹ ìwé ìkéde ìsìnkú lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Pobè nìyẹn: ó ń tẹ̀wé fún aráàlú, ó ń bá wọn da ìwé kọ, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà tó bá bàjẹ́ ṣe. Ó gbójú sókè, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tún rí igun dúdú kan tó yọ lára aṣọ, èyí tó ti sán, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ nígbà kan.

"Má sọ fún mi pé òun náà ni," ló wí.

"Òun náà ni," ni Fàrídà dá a lóhùn. "Ara rẹ̀ kò yá."

Flore yẹ àga sílẹ̀ fún un, ó bu omi fún un mu. Ó tú aṣọ kúrò lára kọ̀ǹpútà náà, ó sì fi ọwọ́ pa eruku orí rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kí ni kò ṣe é? Bí mo bá tàn án, mo lè lọ ro ẹ̀kọ kí n sì padà wá bá a kó tó jí. Bó bá wá jí tán, àwòrán obìnrin tí kò wọṣọ ni yóò máa yọ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ wà nílé. Nígbà mìíràn á ní fírúsì ti wọ òun, pé kí n tẹ ibì kan kí n lè gba oògùn."

"O sì tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ní oògùn ni. Mo tẹ̀ ẹ́."

"Ìgbà mélòó?"

Fàrídà wo ilẹ̀. "Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Flore fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni ó pa á. "Àwọn tó ń pe ara wọn ní oníṣègùn yẹn gan-an ni àìsàn, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ lo ń ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Àwọn méjèèjì jọ kàwé ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama Pobè, ni. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gùn lọ sílé ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá wa kẹ̀kẹ́ lónìí ni yóò wà á lọ́la. Nígbà tí wọ́n jáde tí kò síṣẹ́, Éric, ẹ̀gbọ́n Flore tó ń gbé ní Kútọnu, ra kọ̀ǹpútà yìí fún wọn lára àwọn àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti òkè òkun. Wọ́n gbé tábìlì kan sí ọjà Sakété, lẹ́bàá ìsọ̀ àwọn onígàrí, wọ́n na agbòòrùn ńlá kan sórí rẹ̀, wọ́n sì fi bátìrì ọkọ̀ fún un ní iná.

Lásìkò náà, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin lórí fóònù rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn bí tiwọn ló gbọ́dọ̀ wá. Yóò yọ káàdì tó kéré bí èékánná, wọn yóò sì kó orin sínú rẹ̀ fún un. Àwọn àgbẹ̀ ń wá láti Ita-Djèbou, àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wọlé náà ń wá, àwọn ọlọ́kadà sì ń dúró láì pa ẹ́ńjìnnì. Flore ló mọ ọ̀nà ẹ̀rọ, Fàrídà ló mọ ọ̀nà ènìyàn. Bí oníbàárà kò bá mọ orúkọ orin, á kùn ún ní imú, Fàrídà á sì wí pé, "Mo mọ̀ ọ́n, bàbá, ẹ jókòó."

Fàrídà náà ló dá ọ̀rọ̀ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí ló dé tí fóònù á fi máa ké bí ẹyẹ, nígbà tí ó lè fi ẹnu èèyàn sọ̀rọ̀? Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá gba ohùn sílẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn. Ìyàwó á gba ohùn fún ọkọ, ìyá á gbà fún ọmọ, kó lè jẹ́ pé bí òun bá pè é, ohùn òun gan-an ni yóò máa dún títí yóò fi gbé e. Sọnírì ni gbogbo ọjà ń pè é.

Lẹ́yìn náà, Flore lọ sí Àjàṣẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkọ, ọkọ sì mú un padà sí Pobè. Fàrídà dúró ti tábìlì títí fóònù tuntun fi gbòde, tí gbogbo ayé wá ń mú orin láti ojú òfuurufú. Ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ká agbòòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gàrí. Kọ̀ǹpútà ń bẹ nílé, ará ilé àti aládùúgbò ń ki kílé tiwọn, ìyẹn fúláàṣì tí wọ́n fi ń kó fáìlì, bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń fi àrùn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ọmọ mi Mọ́rìnọ́lá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́," ni Fàrídà wí. "Àti àwọn orin wa. Bá mi yọ àwọn orin wa."

Flore fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù náà yọ, ó sì mú kílé funfun kan láti inú àpótí.

"Mi ò ní jẹ́ kó jí fúnra rẹ̀," ló ṣàlàyé. "Bó bá jí, gbogbo àwọn olè inú rẹ̀ á jí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó wà nínú kílé yìí ló máa darí rẹ̀. A ó wọ ilé náà láti ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ṣì ń sùn, a ó kó ẹrù wa jáde, ká tó kọjú sí wọn."

Ó ṣiṣẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, àpò orin sì yọ. Fàrídà sún mọ́ ọn. Àwọn orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún àwọn àpò kéékèèké náà ṣì wà níbẹ̀: Orin Ọjọ́ Òjò, Orin Àwọn Ìyá Ita-Djèbou, Orin Ẹni Tí Ọkọ Rẹ̀ Rìnrìn Àjò. Flore ṣí èyí àkọ́kọ́. Kò dún. Ó ṣí òmíràn, kò dún. Lẹ́tà àjèjì kan ti so mọ́ ìdí orúkọ orin kọ̀ọ̀kan.

"Ǹjẹ́ o rí ojú ewé pupa kan rí, tí wọ́n kọ Faransé sí?"

"Mo rí i. Mo rò pé ìpolówó ni, mo pa á dé."

Flore mí kanlẹ̀. "Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn orin náà. Ó fẹ́ gbowó kó tó ṣí i, bí a bá sì fún un, kò dájú pé yóò ṣí i. Mi ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Orin ṣeé tún rí, Fàrídà. Wọ́n wà káàkiri."

"Wọ́n wà káàkiri," ni Fàrídà wí. "Ṣùgbọ́n bí a ṣe tò wọ́n yẹn kọ́." Ó fa ìborí náà lé èjìká rẹ̀.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó lè wá. Flore fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa wá àwọn fírúsì inú rẹ̀, ó sì lọ bu gàrí tí Fàrídà fúnra rẹ̀ mú wá fún un. Wọ́n fi omi tútù sí i, wọ́n da ẹ̀pà sí i, wọ́n jọ ń mu ún nínú abọ́ kan náà bí ìgbà tí wọ́n wà ní lísè. Orúkọ àwọn fírúsì ń gba ojú ẹ̀rọ kọjá bí ìgbà tí èèrà ń kó lọ.

"Báwo ni gbogbo wọn ṣe rí àyè?" ni Fàrídà bèèrè.

"Ilé tí kò ti ẹnikẹ́ni síta nìyẹn," ni Flore dáhùn.

Nígbà tó yẹ ẹ̀rọ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí àpò kan tí kì í ṣe àpò ní tòótọ́. Àmì lásán ni, ó ń tọ́ka sí ibi tí kò sí nǹkan. Flore mọ iṣẹ́ ọwọ́ fírúsì yìí. Kì í ba ẹrù jẹ́, ńṣe ló máa ń fi í pamọ́. Ó tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan. Àpò tòótọ́ yọ jáde, wọ́n kọ OHÙN sára rẹ̀.

Fàrídà gbé abọ́ sílẹ̀.

"Máà tíì yọ̀," ni Flore wí. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ti èyí náà pa."

Ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà àjèjì nídìí wọn. Irú fáìlì tí àwọn fóònù kékeré ìgbà yẹn fi ń gba ohùn sílẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ṣe fírúsì náà kò rántí láti ka irú rẹ̀ mọ́ ohun tí yóò tì. Flore tẹ ọ̀kan.

"Arnaud," ni ohùn obìnrin kan wí, "ìyá rẹ ló ń pè. Gbé e. Má ṣe bí ẹni pé orí alùpùpù lo wà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Fàrídà. Ó tẹ òmíràn fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ wúkọ́, lẹ́yìn náà ó kí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni kí ọba. Bó ti ń kí i, ohùn mìíràn gba ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá, kò dún sókè, ṣùgbọ́n ó yé ni: "Flore, gbé bátìrì yẹn kúrò nínú oòrùn."

Ohùn Fàrídà ni. Wọ́n wo ara wọn. Flore dá a padà, wọ́n tún gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, wọn kò tẹ́tí sí àwọn oníbàárà mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbọ́ bí àwọn ti ń jà lórí ẹja díndín kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́ Fàrídà tó ń sín bàbá kan tó fẹ́ràn àtirojọ́ jẹ, títí tí bàbá náà fi padà dé láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ alágbo tó ń kiri, àti ìró ilé ìlọ gàrí tó ti wó lulẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ohùn àwọn méjèèjì nígbà náà tinrín, ó sì yára.

Nínú ọ̀kan, òjò ń rọ̀ lórí agbòòrùn. Ohùn Flore wí pé, "Bí mo bá lọ sí Àjàṣẹ́ ńkọ́?"

Ohùn Fàrídà dáhùn pé, "Lọ. Ta ló dì ọ́ mú?"

Lẹ́yìn náà obìnrin àgbà kan sọ̀rọ̀ nítòsí: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé kí n máa sọ tèmi ni, àbí tiyín lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀?" Ibẹ̀ ló parí sí.

Flore kò tẹ òmíràn. Òjò ti òde ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbọ́ báyìí.

"Lọ́kàn mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "ńṣe lo bẹ̀ mí kí n dúró. Bí mo ṣe máa ń rántí rẹ̀ nìyẹn."

"Lọ́kàn tèmi," ni Fàrídà wí, "o lọ láì sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ."

"Mo gbọ́ ọ báyìí." Fàrídà fi etí ìborí nu ojú. "Ọjọ́ yẹn, inú mi bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi dáhùn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, o ò ní lọ, o ò sì ní mọ iṣẹ́ tí o mọ̀ yìí."

"Ǹ bá má lọ," ni Flore wí. "Ó dá mi lójú."

Wọn kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Flore da àwọn ohùn náà kọ sínú kílé méjì, ó fún Fàrídà ní ọ̀kan, ó fi ìkejì sínú àpótí tirẹ̀. Ó wá sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún un: àwọn tó wọ inú ẹ̀rọ náà ti ta gbòǹgbò jù, bí òun bá lé ogún jáde, ọ̀kan yóò ṣẹ́ kù lábẹ́ ibùsùn. Ohun tó dára jù ni kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká tún ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn orin tí wọ́n tì pa yóò bá a lọ.

Fàrídà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, níbi tó ti máa ń gbóná.

"Pa á rẹ́," ló wí.

Nígbà tí òjò dá, tí oòrùn ọ̀sán sì yọ, iṣẹ́ ti parí. Kọ̀ǹpútà náà tàn, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Kò yára, kò sì lè yára láéláé, ṣùgbọ́n kò pariwo, kò sì bèèrè oògùn.

"Ó dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn," ni Fàrídà wí. Kò dá a lójú bóyá ó wu òun.

"Bó bá tún ní kí o gba oògùn, èmi ni kí o pè. Má tẹ nǹkankan."

"Mo gbọ́, dókítà."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Flore ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Sakété. Ó ti pẹ́ tó ti dé ibẹ̀ láìní iṣẹ́ kan pàtó. Ó bá Fàrídà láàárín àwọn ọpọ́n gàrí, fóònù ńlá rẹ̀ wà lórí itan, ó sì ti kó gbogbo ohùn náà sínú rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé e sí etí àwọn tó dá mọ̀. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ní kí ó pa á, ojú ń ti òun.

Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Fálúyì kọjá pẹ̀lú àpò àgbàdo tó gbé wá láti Issaba. Arúgbó ni, ó ń tẹ̀ díẹ̀ bó ti ń rìn. Fàrídà dá a dúró, ó kí i, ó fún un ní àpótí jókòó, ó sì tẹ fóònù náà fún un.

Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń sọ fún ẹnì kan pé kó tètè gbé fóònù, pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra, pé òun kò ní àkókò.

Bàbá Fálúyì tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Ta ni ọmọkùnrin yìí?" ló bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, bàbá," ni Flore dá a lóhùn.

Bàbá náà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ Fàrídà, ó gbé e mọ́ etí tó ń gbọ́ràn dáadáa, ó sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe.

"Kí ló ń lé e?" ni bàbá wí.

Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra gàrí, Fàrídà sì dìde lọ wọ̀n ọ́n fún un. Flore jókòó ti bàbá náà, ó sì ń bá a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní gbogbo ìgbà tó bá ti ní kó tẹ̀ ẹ́.