Ìkíni Orí Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 1999, èmi ni tíṣà kíláàsì karùn-ún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Ẹnu Ọwá. Ihsan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí etí rẹ̀ ń di díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí ibà líle kan ti dá a dùbúlẹ̀. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á kàn máa wò mí. Bàbá rẹ̀, Alhaji Gàníyù, wá bá mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní tí táàmù bá ti parí, àwọn á mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kí n má bínú, ọmọ náà ò kúkú gbọ́ nǹkan kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì pinnu títí di ọjọ́ ìparí táàmù. Mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà kan lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n lé ní igba káàkiri ayé, ẹnìkan ò rí ojú ẹnìkan. Bí o bá kọ lẹ́tà, gbogbo wọn á rí i kà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún ilé-ìwé wa, ọ̀gá wa ti fi aṣọ tábìlì bò ó mọ́ ọ́fíìsì, kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Mọ̀núrù, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò ní Olówógbowó, ni mo ti ń sanwó lò ó, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ìyẹn bí iná bá wà.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ta ló bí mi dáa tí n ó kàn já lu ọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà? Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo béèrè àlàáfíà ilé, mo dárúkọ àwọn tí mo ti ka lẹ́tà wọn, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ. Ìka méjì péré ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti fẹ́ dárúkọ Ihsan ni Mọ̀núrù ti ní àkókò mi tán, èèyàn ń dúró. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò dágbére fún un.

Nígbà tí mo padà lọ, nínú igba èèyàn, ẹnìkan péré ló dáhùn: Mista Jọ́ọ̀jì, àgbà tíṣà kan ní Kánádà. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́ta tí àwọn ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè ìyàwó àwọn. Ìyàwó náà ti kú láti oṣù kejì, wọn ò sì mọ ẹni tí àwọn ì bá sọ fún níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi níṣojú Mọ̀núrù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ pé, “Àwọn ọmọ kíláàsì yín ńkọ́? Ẹ sọ ti ọ̀kan fún mi.”

Mo kí wọn kú ara fẹ́ra kù, mo wá ro ẹjọ́ Ihsan. Ìdáhùn wọn kò gùn rárá. Wọ́n ní bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ibo lojú mi máa ń wà?

Ìbéèrè náà kọ́kọ́ bí mi nínú. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ tíṣà ni? Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń kọ̀wé sójú pátákó, mo ń ṣàlàyé lọ, ni mo bá dákẹ́, mo yíjú. Ihsan ń wo ẹ̀yìn ọrùn mi. Gbogbo táàmù yẹn, ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí ọmọ náà tí mo ń pe ara mi ní tíṣà. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ ẹ̀yìn sí i mọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ ìparí, Alhaji dé. Mo pe Ihsan, mo kọjú sí i, mo bi í pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta,” ni ó wí.

Alhaji ní àwọn ò gbọ́ ohun tí mo bi í. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ètè nìkan ni mo mì, mi ò sọ ọ́ jáde.

Wọ́n rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Wọ́n fa Ihsan sún mọ́ra, wọ́n gbé ojú wọn sókè sí i. “O ò ní lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ mọ́,” ni wọ́n wí. “Má bínú sí mi.”

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu wọn títí wọ́n fi parí.

“Mo gbọ́, Bàbá.”