Igi Tí Ọ̀gá Ní Kó Gbé Dànù

Ọdún mẹ́rin gbáko ni igi náà fi wà létí fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá. Igi arárá tí wọ́n ń pè ní bọ́nsáì ni, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, inú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ ló sì dúró sí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá rántí ló ń bomi rin ín. Kódà tíì tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ife ni akọ̀wé máa ń dà sí i. Nígbà tí ewé rẹ̀ gbẹ tán, ọ̀gá pe obìnrin tó ń gbálẹ̀.

"Ìyá, igi yìí ti kú. Ẹ bá mi gbé e dànù."

Obìnrin náà gbé e dé ibi àpò ìdọ̀tí, ó fi èékánná họ èèpo rẹ̀. Àwọ̀ ewé tútù ló bá lábẹ́.

"Ta ló ní o kú?" ló bi igi náà. Ó fi aṣọ ìnulẹ̀ wé e, ó gbé e lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé pàtẹ́wọ́ nígbà tó rí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá lọ gba òkú igi ṣọmọ?"

"Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó, kó kọjú sógiri."

Bàbá wọn máa ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé kan, ẹ̀gbọ́n ló sì ń bá a ṣe é láti kékeré, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Ó yọ igi kúrò nínú àwo. Gbòǹgbò ti jẹrà, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ó fi omi gbígbóná fọ àlùmọ́gàjí, ó ń fi gé ibi tó dúdú kúrò títí ó fi kan ibi tó funfun. Ó wá fi yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tún un gbìn, kí omi má baà dúró sí i nídìí. Ló bá kọjú sí ẹ̀ka, ó ń gé wọn.

"Ẹ̀ ń pa á o!" ni àbúrò pariwo.

"Gbòǹgbò tó kù ò lè bọ́ gbogbo wọn. Kí n gé e kó yè sàn ju kí n máa kẹ́ ẹ títí á fi kú."

Oṣù kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Àbúrò ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣe é. Àánú yẹn ló dun obìnrin náà ju yẹ̀yẹ́ lọ. Síbẹ̀ kò yé bomi rin igi náà. Ní ọ̀sẹ̀ keje, èéhù kan yọ, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Jáde wá o! Wá wo òkú!" ló fi pe àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ewé kún orí rẹ̀, akọ̀wé rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù obìnrin náà, ló bá sọ fún ọ̀gá.

"Ìyá, mo gbọ́ pé igi mi ti jí. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, mo ní àlejò."

"Igi yín kẹ̀, ọ̀gá? Ẹ ní kí n gbé e dànù, mo sì gbé e dànù. Ilé mi ni mo dà á nù sí."

Akọ̀wé wúkọ́ èké kó má baà bú sẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá pọ́n.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Igi náà ni kò mọ̀ yín mọ́."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé obìnrin náà kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kó lọ máa fọ ilé-ìgbẹ́ àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé iṣẹ́ náà. Ó ń fọ̀ ọ́, orin sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Igi ò kúrò nílé.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé àlùmọ́gàjí lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Àbúrò gbé e ka ẹ̀ka kan lára igi náà.

"Ṣé ibí ni?"

"Sókè díẹ̀ sí i. Ó dáa. Gé e, má bẹ̀rù."